Báwo lẹ ṣe ń sọ ohun tí orin ìbílẹ̀ tuntun àti ijó òde òní ṣe lára yín?

Arówòye

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìrànlọ́wọ́ ni mo wá tọrọ.

Mo lọ wo eré kan tí wọ́n ti pa orin ìbílẹ̀ tuntun pọ̀ mọ́ ijó òde òní. Akọrin kan, ẹni kan tó ń ta fayolíìnì, àti oníjó mẹ́rin. Èdè tí wọ́n fi kọrin, n kò gbọ́ ọ. Ijó náà kò ní ìtàn tí mo lè tọ́ka sí pé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí. Obìnrin kan nínú wọn ṣáà ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú, títí wọ́n fi pa iná. Kó tó parí, àyà mi ti wúwo, omi ti lé sí mi lójú, àmọ́ bí ẹ bá bi mí pé kí ló fà á, n kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn tó jókòó nítòsí mi ń sọ pé ogun ni wọ́n ń fi hàn, àwọn kan ní ìrọbí ni. Èmi ò rí ogun, n ò sì rí ìrọbí.

Ẹgbẹ́ wa tó máa ń wo eré pọ̀ ti ní kí kálukú kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí ojú ìwé kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ mọ ìtàn orin ìbílẹ̀ àti ti ijó kí n tó lanu sọ̀rọ̀? Ibi tí kò wù mí níbẹ̀ ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo ń tàbùkù ẹnikẹ́ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Olùkọ́ Ijó

Arówòye, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìbéèrè yìí kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbé wá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, torí ẹni tó bá ń béèrè báyìí ti wòran dáadáa.

Ẹ má tíì wá ìtumọ̀ rárá. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹ ní obìnrin náà ṣubú. Ó ṣubú báwo? Ṣé orúnkún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀ ni àbí ìbàdí? Ṣé ó na ọwọ́ gba ara rẹ̀, àbí ó jẹ́ kí èjìká lu ilẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí ẹ jókòó sí? Nígbà tó ń dìde, ṣé orí ló kọ́kọ́ gbé sókè, àbí ìdí ló ṣáájú tí orí ṣì wà nílẹ̀? Gbogbo èyí ṣe pàtàkì. Oníjó tó fi orí ṣáájú dìde, ojú rẹ̀ ti rí ibi tó ń lọ. Èyí tí orí rẹ̀ gbẹ̀yìn kò tíì mọ ibi tó wà, ara rẹ̀ ló kàn ń gbé e dìde. Òǹwòran máa ń mọ ìyàtọ̀ yìí lára kó tó mọ̀ ọ́n lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni àyà yín ti wúwo.

Rudolf Laban, ẹni tó gbé ìlànà bí a ṣe ń kọ ijó sílẹ̀ lórí ìwé jáde ní 1928, fi ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí mo máa ń lò nígbà gbogbo tí mo bá ń wo ijó. Èkíní ni ìwúwo: ṣé ara náà fúyẹ́ ni, àbí ó rinlẹ̀? Èkejì ni àkókò: ṣé wàrà ni, àbí ó ń fà á gùn? Ẹ̀kẹta ni àyè: ṣé ọ̀nà tààrà ni apá àti ẹsẹ̀ ń gbà, àbí wọ́n ń yí kiri? Ẹ̀kẹrin ni ìṣàn: ṣé ó ń lọ láìsí ìdènà, àbí ó ń kó ara rẹ̀ níjàánu? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí wo ìṣubú àkọ́kọ́, kí ẹ tún fi wo ti ìkẹyìn. Bí ti àkọ́kọ́ bá yá tó sì le, tí ti ìkẹyìn wá rọ̀, tó ń fà, a jẹ́ pé nǹkan ti yí padà láàárín wọn. Ìyípadà yẹn ni kí ẹ kọ̀wé lé lórí. Ẹ máa rí i pé ojú ìwé kan kò ní gbà yín.

Àti pé kí ẹ lo ọ̀rọ̀ tó ní ìró nínú. "Ó ṣubú gbì" àti "ó rọra wó lulẹ̀" kì í ṣe ìṣubú kan náà. "Ó dára gan-an, ó wọ̀ mí lára" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Elétí Orin

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́ Ijó ti sọ ti ojú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti etí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń kọ̀wé nípa irú eré yìí bíi pé ńṣe ni orin kàn wà lẹ́yìn níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìlù inú rẹ̀, kódà bí wọn ò bá lu ìlù kankan. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ kì í pín dọ́gba. Àwọn ará Bùlgáríà ní ijó kan tí wọ́n ń pè ní rachenitsa, méje ni ìlù rẹ̀, wọ́n sì pín in sí méjì, méjì, mẹ́ta. Ẹ dán an wò níbi tí ẹ wà: ẹ máa ka ení-èjì, ení-èjì, ení-èjì-ẹ̀ta, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ ní gbogbo orí "ení". Ẹ má dúró láàárín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ẹ máa rí i pé àtẹ́wọ́ kẹta fẹ́ yára lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ orin náà dá a dúró díẹ̀. Ìdádúró kékeré yẹn ló ń mú kí èèyàn máa sọ pé orin kan ṣàjèjì sí òun tàbí pé ọkàn òun ò balẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ ibi tó wà, ẹ lè kọ ọ́ ní kedere: "Gbogbo ìgbà tí mo bá rò pé ẹsẹ̀ fẹ́ balẹ̀ ni orin náà ń dá a dúró."

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́tí sí ohun tí kì í kúrò nílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀, ohùn kan wà lábẹ́ tí kì í yí padà, tí orin yóò máa rìn lórí rẹ̀. Àwọn ará Sweden ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní nyckelharpa. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ bíi ti fayolíìnì, ọwọ́ kejì á máa tẹ àwọn kọ́kọ́rọ́ onígi, àmọ́ àwọn okùn mìíràn wà lábẹ́ tí ọ̀pá kì í kàn rárá. Okùn òkè ló ń mú wọn dún. Òun ló fà á tí ohùn rẹ̀ fi ń dà bíi pé ó wá láti inú yàrá ńlá kódà bí ẹni tó ń ta á bá jókòó tì yín. Ẹ bi ara yín léèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa fayolíìnì tí ẹ gbọ́: ṣé ohùn kan ni àbí méjì pọ̀? Ṣé ẹ gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń ha okùn? Ibo ni akọrin náà ti mí? Àwọn olórin ìbílẹ̀ òde òní kan máa ń fi mímí náà sílẹ̀ ní gbangba sínú gbohùngbohùn, wọn kì í bò ó, ó sì máa ń wọni lára ju ọ̀rọ̀ orin lọ.

Ní ti ìbéèrè yín pé ṣé dandan ni kí ẹ mọ ìtàn: rárá o, àmọ́ ohun kan ṣoṣo yìí á ràn yín lọ́wọ́. Ní 1954, ní São Paulo ní Bràsíl, àjọ àgbáyé tó ń rí sí orin ìbílẹ̀ fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta tó ń sọ orin di orin ìbílẹ̀: ìsopọ̀ láàárín àtijọ́ àti ìsìnyí, àyípadà tí ẹni kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ ń mú wọ inú rẹ̀, àti yíyàn tí àwùjọ ń yan èyí tí yóò wà àti èyí tí yóò lọ. Ẹ ò rí i pé àyípadà ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, dípò kí ẹ máa bi ara yín pé "ṣé èyí ṣì jẹ́ orin ìbílẹ̀?", ẹ béèrè pé kí ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí sì ni wọ́n yí padà? Ṣé ohùn orin ni ti àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ tuntun? Àbí ohun èlò ni wọ́n pààrọ̀? Nígbà tí Béla Bartók àti Zoltán Kodály, àwọn ọmọ Hungary méjì tó ń kọ orin, ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri àwọn abúlé Hungary ní nǹkan bí 1906, tí wọ́n ń gba orin ẹnu àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, wọ́n padà wá kọ dùùrù sábẹ́ àwọn orin náà. Orin ìbílẹ̀ tuntun ni ìyẹn náà nígbà tiwọn.

Ojú Lalákàn

Ìmọ̀ràn tèmi kúrú: ẹ má ka ìwé ètò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ti kà á pé "ijó yìí dá lórí ọ̀fọ̀", ọ̀fọ̀ nìkan lẹ máa rí.

Ìyá Ìwé

Ojú Lalákàn, ọmọ mi, n kò gbà pẹ̀lú rẹ pátápátá. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí ìmọ̀ máa ń ṣí ilẹ̀kùn wọn.

Wo ijó tí Pina Bausch ṣètò ní Jámánì ní 1975 sí orin tí Stravinsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó ń kọ orin, kọ lórí ìrúbọ ìgbà ìrúwé. Erùpẹ̀ ni wọ́n dà bo gbogbo ìtàgé. Àwọn oníjó ń jó nínú rẹ̀ títí ó fi lẹ̀ mọ́ òógùn ara wọn, aṣọ tó mọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ á dọ̀tí, ẹ ó sì máa gbọ́ èémí wọn. Aṣọ pupa kan wà níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ń gbé lé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á rí i pé ẹ̀rù aṣọ náà ń bà wọ́n, kò burú. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọbìnrin kan ni wọ́n máa yàn láti jó títí yóò fi kú, òun á máa wo ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó gba aṣọ náà bí ẹni tó ń wo ibi tí ìbò fẹ́ mú. Eré náà á di méjì fún un. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú orin náà ni pé ohùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí fèrè bassoon ń fọn ní òkè téńté, inú orin ìbílẹ̀ àwọn ará Lithuania ni Stravinsky ti mú un. Orin ìbílẹ̀ tuntun àti ijó tuntun ti ń pàdé láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yìí kan náà dé ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè 14 ní Áfíríkà kọ́ ọ ní École des Sables, ilé ẹ̀kọ́ ijó tí Germaine Acogny dá sílẹ̀ ní Senegal. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà dá ìrìn àjò wọn dúró, etí òkun Toubab Dialaw ni wọ́n ti jó o kí wọ́n tó túká, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fún Acogny ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Tí mo bá wo fíìmù yẹn láìmọ gbogbo èyí, ijó tó le gan-an ni mo máa rí. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, orí mi wú. Wọ́n ń jó ohun tí wọ́n ti fara ṣiṣẹ́ lé lórí, tí wọn ò sì mọ ìgbà tí wọ́n tún máa jó o.

Ojú Lalákàn

Mo gbọ́ yín, Mà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí: kéèyàn wò ó lákọ̀ọ́kọ́ láìka nǹkan kan, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá kà nípa rẹ̀, kó sì kọ ohun tí ìmọ̀ náà yí padà. Àmọ́ kó má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Kó jẹ́ kí méjèèjì dúró.

Ìyá Ìwé

Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Arówòye

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ojú ìwé méjì nípa ìṣubú nìkan, àfi bí ẹni pé ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìbéèrè kan ṣì wà. Ní àárín eré náà, fayolíìnì ń sáré, ó gbóná janjan, àwọn oníjó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ ọ. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní àṣìṣe ni, pé ijó tí kò bá orin mu kì í ṣe ijó. Kí lẹ rí sí i?

Aláríwòye

(Orúkọ wa fẹ́ jọra, ẹ má ṣì wá mú o.)

Kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ni ijó lè gbà bá orin lò: ó lè gùn ún, ó lè bá a jà, ó sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí ni Merce Cunningham àti John Cage fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Cunningham á ṣètò ijó tirẹ̀, Cage á ṣe orin tirẹ̀, wọ́n á fẹnu kò lórí bó ṣe máa gùn tó, ó di orí ìtàgé kí méjèèjì tó pàdé. Ìgbà púpọ̀ ni àwọn oníjó kì í gbọ́ orin náà títí di alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jó o lójú èrò. Ẹgbẹ́ ijó tí Cunningham dá sílẹ̀ ní 1953 kò jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni iṣẹ́ tí àìbáramu náà ń ṣe. Bí orin bá ń sáré tí ara ń fà, ojú yín máa ń fẹ́ kí ara náà yára, inú yín á máa ti oníjó náà. Ẹ̀yin lẹ di ẹni tó ń kánjú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ẹni tó ṣètò ijó náà fẹ́ gan-an nìyẹn. Tí fídíò eré náà bá wà, ẹ pa ohùn rẹ̀ kí ẹ wò ó, lẹ́yìn náà kí ẹ dijú kí ẹ gbọ́ ohùn nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ẹ kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù nígbà tí èkejì kò sí. Iṣẹ́ yìí ti ràn mí lọ́wọ́ ju ìwé kankan lọ.

Ní ti "kì í ṣe ijó": ní 1962 àwọn ọ̀dọ́ oníjó kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré nínú Judson Memorial Church ní New York. Rírìn, sísáré, gbígbé nǹkan wúwo, jíjókòó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí ìtàgé. Ijó òde òní kò tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rí oníjó tó kàn ń rìn, kí ó wo ìrìn náà. Báwo ni àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe ń balẹ̀? Ojú ń wo ibo? Ta ló ń rìn tẹ̀ lé ta?

Ẹ tún béèrè nípa ohun tí kò wù yín. Ẹ ya "kò wù mí" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò dára". Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1913 ní Paris, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ Stravinsky tí Ìyá Ìwé dárúkọ, ijó tí Nijinsky ṣètò, ariwo èrò ìwòran pọ̀ débi pé wọ́n ní àwọn oníjó ò gbọ́ orin mọ́, Nijinsky ló ń kígbe ka ìlù fún wọn láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Ní 1965, nígbà tí Bob Dylan, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, gbé gìtá oníná sórí ìtàgé níbi àjọ̀dún orin ìbílẹ̀ Newport, àwọn kan hó lé e lórí. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn bóyá gìtá oníná ni wọ́n kọ̀, àbí ohùn ẹ̀rọ tí kò já geere. Ẹ má jẹ́ kí tiyín rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ gan-an ohun tó lé yín jáde: "Láti ìgbà tí iná ti di búlúù ni ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀, torí ìṣesí kan náà ni wọ́n ń tún ṣe, tí n kò sì rí ohun tó yí padà nínú rẹ̀." Ẹnikẹ́ni lè fèsì sí èyí. Kò sẹ́ni tó lè fèsì sí "ó sú mi". Ẹ má sì fi ẹnu kan ara oníjó, bó ṣe sanra tó tàbí bó ṣe dàgbà tó, àyàfi tí eré náà fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Olùwádìí

Mo kàn fẹ́ fi ohun kan kún un nípa àyà tó wúwo. Kì í ṣe àròsọ lásán.

Ní 2005 Beatriz Calvo-Merino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi fídíò han àwọn oníjó ballet, àwọn tó ń ṣe capoeira (ìjà tó dà bí ijó láti Bràsíl), àti àwọn tí kò mọ ìkankan nínú méjèèjì, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Àwọn apá ọpọlọ tó ń darí ìṣípòpadà ara ṣiṣẹ́ jù nígbà tí oníjó ballet ń wo ballet, àti nígbà tí oní-capoeira ń wo capoeira. Ìyẹn ni pé ohun tí ara ẹni ti ṣe rí wà nínú bí a ṣe ń wòran. Ní ti orin, Anne Blood àti Robert Zatorre ní Montreal fi hàn ní 2001 pé nígbà tí orin bá mú kí ara èèyàn bù máṣọ, àwọn apá ọpọlọ tó ń jí nígbà tí nǹkan dídùn bá tẹ̀ wá lọ́wọ́ máa ń jí.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kí Arówòye béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: ara mi, kí ni ó ti ṣe rí tó jọ èyí? Ṣé ẹ ti tọ́jú aláìsàn tí ẹ ní láti máa gbé dìde? Ṣé ẹ ti kọ́ ọmọ ní ìrìn? Ẹ lè kọ ọ́ sínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ẹ má jẹ́ kó gba gbogbo ojú ìwé, torí eré lẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

Ẹlẹ́nu Rere

Ẹni tí kò wá mọ nǹkan kan lára ńkọ́? Èmi wo ijó òde òní tí gbogbo èèyàn ń sunkún lórí rẹ̀, èmi jókòó gbagidi.

Olùkọ́ Ijó

Ẹlẹ́nu Rere, ẹ̀rí ni ìyẹn náà jẹ́. Ẹ kọ ibi tí ọkàn yín lọ. Ṣé iná lẹ ń wò? Ṣé ẹsẹ̀ olórin tó ń lu ilẹ̀ ni? Àwọn kan ń gbọ́ ijó ju bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ. Ẹ má fipá sunkún nítorí pé aládùúgbò yín ń sunkún.

Arówòye

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìyí:

"Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣubú, orúnkún ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, gbì, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣubú. Fayolíìnì kò dúró dè é. Nígbà tó máa fi di ìgbẹ̀yìn, kò na ọwọ́ mọ́. Èjìká rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó fà á bí ẹni pé ilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, akọrin náà sì mí sínú gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀kan kó tó mú orin lọ. Mo rí i pé èmi náà ti di apá àga tí mo jókòó lé mú. Èyí kọ́ mi pé ìgbésí ayé kún fún ìṣubú àti ìdìde."

Aláríwòye

Ó dára púpọ̀. Ẹ yọ gbólóhùn ìkẹyìn kúrò. Àga tí ẹ dì mú ti sọ ohun tó kù.

Elétí Orin

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ tún fi kún un bóyá fayolíìnì náà yí ohùn padà nígbà ìṣubú ìkẹyìn. "Kò dúró dè é" lẹ sọ nípa ti àkọ́kọ́, òǹkàwé á fẹ́ mọ̀ bóyá ó dúró dè é nígbẹ̀yìn.

Arówòye

Ó dúró. Áà, ó dúró lóòótọ́! Ẹ ṣé, Elétí Orin. Ẹgbẹ́ wa tún fẹ́ pe àwọn òṣèré náà wá kí a jọ sọ̀rọ̀. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní di ìdájọ́?

Olùṣètò Eré

Mo ti jókòó ní ìhà kejì irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Liz Lerman, tó jẹ́ oníjó àti olùṣètò ijó, gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní nǹkan bí 1990. Ìpele mẹ́rin ni. Àwọn òǹwòran á kọ́kọ́ sọ ohun tó ní ìtumọ̀ sí wọn nínú iṣẹ́ náà, ohun tó yani lẹ́nu tàbí tó mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà olùṣe iṣẹ́ á béèrè ìbéèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìkẹta, àwọn òǹwòran á béèrè ìbéèrè tí kò fì sí ibì kankan. Ìkẹrin ni ti èrò, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ èrò rẹ̀ á kọ́kọ́ gbàṣẹ: "Mo ní èrò kan nípa iná, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ?" Òṣèré lè sọ pé rárá.

Ìpele kẹta ló máa ń le jù. "Kí ló dé tí ijó náà fi gùn báyìí?" kì í ṣe ìbéèrè, ẹjọ́ ni. "Kí lẹ rò nígbà tí ẹ ń pinnu bó ṣe máa gùn tó?" ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fi ọ̀sán kan dán an wò láàárín ara yín kí àwọn òṣèré tó dé.

Nípa ọ̀rọ̀ orin tí ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ bi akọrin léèrè ní ìpele yẹn náà. Ẹ má ṣe béèrè ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ibi kan tí ohùn rẹ̀ ti wọ̀ yín lára, kí ẹ béèrè ohun tó ń sọ níbẹ̀ àti ẹni tó kọ́ ọ lórin náà.

Ìyá Ìwé

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò láàárín ẹgbẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí kálukú ka ojú ìwé tirẹ̀ jáde ní ohùn rara, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí i títí gbogbo yín á fi kà tán. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú máa ń fa ojú àwọn yòókù sí ibi tó ń wò, pàápàá tó bá jẹ́ àgbà. Ẹ fi ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí bẹ̀rẹ̀.

Ojú Lalákàn

Kí ẹ sì máa mú jọ́tà kékeré àti pẹ́ńsù dání lọ síbi eré, kì í ṣe fóònù. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lọ́wọ́. Ẹ kọ lẹ́tà ńlá, ọ̀rọ̀ kan lójú ewé kan, torí òkùnkùn ni ẹ ó ti máa kọ ọ́. Tí ẹ bá délé, kí ẹ tó sùn, ẹ fẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú sí gbólóhùn, torí tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ lè má rántí ohun tí "èjìká" yẹn ń sọ mọ́.